Processor mi kì í sinmi: ṣé ọwọ́ Windows lọ̀rọ̀ wà ni, àbí ọwọ́ motherboard?

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo to kọ̀ǹpútà alálòkù kan jọ. Processor ẹ̀ ni Core i5-4590, RAM gíígì mẹ́jọ, SSD kan. Kò sí káàdì fídíò, ara processor náà ni àwòrán ti ń jáde. Power supply ẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti sin kọ̀ǹpútà mìíràn kó tó kan èyí. Gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ohun kan: processor yìí kì í rẹlẹ̀. Mo ti gbogbo app pa, n ò fọwọ́ kan mouse, síbẹ̀ láàárín 3500 sí 3700 MHz ni CPU-Z, app tó ń ka ìyára processor, ń fi hàn mí. Wọ́n sì ní ó yẹ kó máa bọ́ sí 800 MHz bí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo wọ BIOS, ètò inú motherboard tó ń tan kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, lọ wò ó. EIST wà ní Enabled, C1E náà wà ní Enabled. Mo rí C3, C6/C7 àti Package C State Limit, "Auto" ni gbogbo wọn. Mo wá ki mítà tó ń ka wáàtì bọ ìdí plug, 41 ló ń kà nígbà tí n ò ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀.

Ẹnì kan sọ fún mi pé bọ́ọ̀dù (motherboard) ló ń pinnu, pé bí bọ́ọ̀dù kò bá gbè é, kò sóhun tí processor lè dá ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n lọ wá bọ́ọ̀dù mìíràn ni?

Ṣẹ́gun_PC

Má tíì ra nǹkan kan o. Wọ Control Panel, kó o lọ sí Power Options. Ó jọ pé High performance lo wà. Ètò yẹn máa ń gbé Minimum processor state lọ sí 100%, ìyẹn ni pé Windows fúnra ẹ̀ ló ní kó má sọ̀ kalẹ̀. Yí i sí Balanced. Ní Balanced, 5% ni ìsàlẹ̀, 100% ni òkè. Tó o bá ṣe tán, tún CPU-Z wò.

EIST tó o rí nínú BIOS, ìyọ̀ǹda lásán ni. Ó gba processor láàyè láti máa yí multiplier (òǹkà tó ń pinnu ìyára) àti fóltéèjì ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n lórí processor ìran tìrẹ, Windows ló ń pàṣẹ ìgbà tó máa yí i.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ kú iṣẹ́! High performance ni lóòótọ́. Mo ti yí i, ó ti bọ́ sí 800 MHz, multiplier 8 ni mò ń rí báyìí.

Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Mítà kúrò ní 41, ó di 39. Láti 3700 wá sí 800, wáàtì méjì péré! Ṣé mítà yìí ló ń purọ́ ni?

Ìyá_Ẹ̀rọ

Mítà rẹ ò purọ́, ọmọ mi. MHz ni gbogbo ayé ń wò, ohun tó ò ń wá ò sì sí níbẹ̀.

Iná tí processor ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń tẹ̀ lé ìyára ẹ̀ àti fóltéèjì ẹ̀. Fóltéèjì ni àgbà nínú àwọn méjèèjì, torí a máa ń fi í sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ nínú ìṣirò náà. Dín ìyára kù sí ìdajì, iná yẹn á dín kù sí ìdajì. Dín fóltéèjì kù sí ìdajì, á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí EIST fi ń fa méjèèjì wálẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ dáadáa: nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Processor tí kò níṣẹ́ kì í sáré kiri ní 3700 MHz. Ètò ìṣiṣẹ́ (Windows tàbí Linux) á ní kó dúró, core, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor, á sì dúró. Ìyára tí core máa fi ṣiṣẹ́ bó bá jí ni CPU-Z ń sọ fún ọ, kò sọ fún ọ bóyá ó ń sùn. Àní, kó tó lè ka core kan, ó ní láti jí i ná.

Oorun yìí wá ní ipele, C-state ni wọ́n ń pè é. C0 ni kí core lajú, kó máa ṣiṣẹ́. Ní C1, ó ń tòògbé: clock ẹ̀ ti dúró, ṣùgbọ́n iná ṣì wà lára ẹ̀, bó o bá pè é báyìí ó ti dáhùn. Ní C3, ó ti da ohun tó wà nínú cache (ìrántí kékeré inú processor) tara ẹ̀ jáde. C6 wá ni àsùnwọra gan-an. Core á kọ gbogbo ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí ibi ìpamọ́ kékeré kan, wọ́n á sì gé iná kúrò lára ẹ̀ pátápátá. C7 fẹ́ jọ C6, àfi pé nígbà tí gbogbo core bá ti dé ibẹ̀, cache ńlá tí wọ́n jọ ń lò náà lè kú.

Nígbà tí AMD gbé Cool'n'Quiet jáde pẹ̀lú Athlon 64 ní 2003, irú oorun bẹ́ẹ̀ kò tíì dé orí desktop, nítorí náà dídín ìyára àti fóltéèjì kù ló ń ṣe bẹbẹ. Athlon 64 á bọ́ sí 1000 MHz, ooru ẹ̀ á lọ sílẹ̀, fáànù á dákẹ́. Core 2 Duo E6600 náà á kúrò ní 2400 bọ́ sí 1600. Ní 2008 ni ìran processor Nehalem dé, Intel sì fi switch sínú processor tó lè gé iná core kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Látìgbà náà, bó ṣe ń sùn tó ló ṣe pàtàkì, MHz kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Fi HWiNFO sí i, wá ibi tí wọ́n kọ C-state residency (bí core ṣe ń pẹ́ tó ní ipele kọ̀ọ̀kan) sí, kó o wo èyí tí àwọn core rẹ ń dé. Mo fura pé wọn ò kọjá C1.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí! C1 nìkan ló ní òǹkà, òdo ni ti C3, C6 àti C7. Ṣé "Auto" tí mo rí nínú BIOS kì í ṣe "Enabled" ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Ohun tó bá wu ẹni tó kọ BIOS ni "Auto". Bọ́ọ̀dù kan á fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni, òmíràn á fi ṣe rárá.

Ká wá dáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì gùn. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ ACPI, Intel, Microsoft àti Toshiba ló jọ gbé e jáde ní 1996. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé BIOS á tẹ́ táblì kalẹ̀ fún ètò ìṣiṣẹ́. Èyí tó ń jẹ́ _PSS ló to àwọn ìyára tó wà fún yíyàn, èyí tó ń jẹ́ _CST ló to ipele oorun. Bí BIOS kò bá kọ oorun tó jinlẹ̀ sínú _CST, Windows ò ní mọ̀ pé ó wà, bó ti wù kí processor mọ̀ ọ́n sùn tó. Àwọn tó lo Athlon 64 lórí Linux á rántí driver powernow-k8. Bí táblì bọ́ọ̀dù kò bá pé, ṣe ló máa kọ ọ́ sínú log pé òun ò rí _PSS, kéèyàn lọ wá BIOS tuntun. Processor ò ní àbùkù kankan, bọ́ọ̀dù ni kò kọ̀wé ẹ̀ pé. Èèyàn lè lọ pààrọ̀ processor nítorí ohun tí update BIOS kan ìbá yanjú.

Linux òde òní ò dúró de BIOS tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Driver intel_idle ní àkọsílẹ̀ tara ẹ̀ fún processor bíi tìrẹ. Nítorí náà, gbé Linux sókè láti orí USB, má fi sórí SSD, kó o ṣe èyí:

`sudo turbostat`

Wo òpó CPU%c7, kó o tún wo Pkg%pc3, Pkg%pc6 àti Pkg%pc7. CPU% ń sọ ti core kọ̀ọ̀kan, Pkg% ń sọ ti gbogbo processor lápapọ̀. Gbogbo core lè sùn kí ìyókù processor ṣì lajú sílẹ̀ kalẹ̀. Lókè èsì náà, ìlà kan wà tí wọ́n kọ pkg-cstate-limit sí. Da ìyẹn náà kọ síbí.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Ohun tí mo rí rèé. CPU%c7 ju 95 lọ lórí core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pkg%pc3, pc6, pc7, gbogbo ẹ̀ 0.00. Ìlà tí ẹ ní kí n dà kọ ni:

`locked, pkg-cstate-limit=0 (pc0)`

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Linux pàṣẹ, core gbọ́, wọ́n sùn. Package, ìyẹn processor lápapọ̀, ni ò kúrò lójú kan, torí pc0 (kó má sùn rárá) ni ààlà tí wọ́n fi fún un. BIOS ló kọ òǹkà yẹn sínú register kan nínú processor, MSR 0xE2, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tàn bọ̀, ó sì tì í pa. Ohun tí "locked" ń sọ nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá ti tì í, kò sí Windows, kò sí Linux tó lè yí i padà, inú BIOS nìkan lo ti lè tún un ṣe.

Fọwọ́ ara rẹ gbé C3 àti C6/C7 sí Enabled, gbé Package C State Limit sí C7. Má fi ìkankan sílẹ̀ sí Auto.

Bàbá_Soldering

Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ yìí. Kí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó fọwọ́ kan C7, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ power supply ẹ̀ wò. Ó ní ó ti pẹ́ lọ́wọ́ òun, gbogbo yín sì fò ó kọjá.

Ìran Haswell ni i5-4590 ti wá, Haswell sì jáde ní 2013. Nígbà tó dé, ariwo power supply gba ìgboro kan. Bí processor yìí bá wọ C6 tàbí C7, iná tó ń fà lórí 12V máa ń kéré débi pé Intel ní kí power supply lè gbé ẹrù 0.05 ampere péré. Láyé àtijọ́, 0.5 ampere ni. Ẹ ṣírò ẹ̀: ohun tó jẹ́ wáàtì 6 di 0.6. Ọ̀pọ̀ power supply àtijọ́ ò rí irú ẹ̀ rí. Coil kan náà ni wọ́n fi ń ṣàkóso 12V àti 5V. Bí ẹrù orí 12V bá fúyẹ́ jù tí ti 5V ṣì wà níbẹ̀, 12V á máa ròkè, 5V á máa jó rẹ̀yìn. Bó bá ti kọjá ààlà, power supply á pa ara ẹ̀ kí ohun tó wà níwájú ẹ̀ má bàa bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi pa C6/C7 mọ́ sínú "Auto". Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa dá bọ́ọ̀dù padà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ power supply.

Wàyí o, wo kọ̀ǹpútà tìrẹ. Kò sí káàdì fídíò. SSD, 5V ló ń mu. Keyboard, mouse, gbogbo ohun tó wà lórí USB, 5V. Fáànù nìkan ló ṣẹ́ kù lórí 12V pẹ̀lú processor tó fẹ́ lọ sùn yìí. Bó o bá fẹ́ dán an wò, dán an wò, kò ní jó. Àmọ́ bó bá wá ń kú lójijì, má lọ fẹ̀sùn kan RAM.

Ṣẹ́gun_PC

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo kàn fẹ́ sọ èyí fún àwọn tó ń ṣe overclock (mímú processor yára ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ) tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ ẹ bá lọ kan fóltéèjì mọ́ ojú kan nínú BIOS, EIST á máa dín MHz kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóltéèjì ò ní bá a lọ. Ẹ lo Adaptive tàbí Offset. N ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn ṣì fi ń lo Override, ìyẹn fóltéèjì ojú kan, fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tàn láti àárọ̀ dalẹ́.

Olórin_Studio

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo C-state ni mo ti pa ní tèmi, mi ò sì ní tan án mọ́ láé. Bí mo bá ń gba ohùn sílẹ̀, á máa ṣe ta-ta-ta nínú headphone. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní processor tó ń sùn kì í tètè jí. Kí wáàtì lọ, kí orin mi dára.

Ìyá_Ẹ̀rọ

Olórin, n ò ní bá ọ jà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Nínú táblì intel_idle fún Skylake, ìran processor Intel kan, àkókò tí wọ́n kọ fún jíjí láti C1 jẹ́ microsecond 2. Láti C6, 85. Láti C8, 200. Ká wá ní buffer (ibi tí ohùn ń dúró dè) tó kéré lò ń lò, sample 64 ní 48 kHz. Pín 64 fún 48000, wàá rí i pé processor ní nǹkan bíi microsecond 1333 kó tó gbọ́dọ̀ kó ohùn mìíràn wá. Kó tiẹ̀ jí láti C8, ìdá kan nínú mẹ́fà àkókò yẹn ni kò tíì pé tó máa lò.

Ohun tó sábà máa ń fa ta-ta-ta ni driver kan tó gbé processor dání tí kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ti Wi-Fi tàbí ti káàdì fídíò lọ́pọ̀ ìgbà. Fi LatencyMon wò ó, á dárúkọ ẹ̀ fún ọ. Lóòótọ́, bí driver yẹn bá ti na àkókò náà tán, jíjí processor lè jẹ́ ohun kékeré tó máa mú un kọjá ààlà. Ìyẹn ló fi ń dà bíi pé pípa C-state ti wo àìsàn náà sàn.

Olórin_Studio

Hẹn-ẹn. Màá wò ó lálẹ́ yìí. Driver Wi-Fi mi ti pẹ́ gan-an ni, ká sòótọ́.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Mo ti dé o. Mo ṣe gbogbo ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Mo padà sórí Windows, HWiNFO ń fi C7 hàn, mítà kúrò ní 39, ó bọ́ sí 31! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo.

Mo wá dìde lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, kọ̀ǹpútà ti kú fin-ín-fin-ín. Mo tan án, mo gba game lórí ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Mo dá a dúró, mo lọ jẹun, ó tún kú. Bí mo bá ń lò ó kì í kú, bí mo bá fi í sílẹ̀ ló ń kú. Bàbá Soldering, ẹ gbà mí.

Bàbá_Soldering

Mo ti sọ ọ́! Kọ̀ǹpútà tí power supply ẹ̀ kò lágbára tó, ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ló ń kú. Èyí tó ń kú nígbà tí kò síṣẹ́, ẹrù ló fúyẹ́ jù fún un. Kì í ṣe ooru, kì í ṣe RAM.

Bọ́ sínú BIOS, dá Package C State Limit padà sí C3, kó o pa C6/C7. Wàá máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná. Tó o bá wá rí power supply ìgbàlódé yá lọ́wọ́ ẹnì kan, ì báà jẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan, so ó mọ́ ọn, kó o tún C7 tàn. Èyí tí wọ́n ti ń fa 5V àti 3.3V jáde láti ara 12V ni kó o wá, DC-DC ni wọ́n máa ń kọ sára ẹ̀. Lórí irú ẹ̀, kò sóhun tó ń jẹ́ pé 12V ò ní ẹrù, torí 5V fúnra ẹ̀ ti di ẹrù orí 12V.

Àwọn kan máa ń so fáànù púpọ̀ sí i kí 12V lè rí nǹkan gbé. Ó lè ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kéèyàn máa wá ohun tí yóò jẹ iná kó lè dín iná kù, ẹ̀rín ló pa mí.

Òkúta_Iná

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ti tèmi fẹ́ jọ èyí, àmọ́ Ryzen ìran àkọ́kọ́ ni. Lórí Linux, bí mo bá fi í sílẹ̀, ṣe ló máa gan pa. Kò ní kú, ojú ẹ̀ á wà níbẹ̀, keyboard ò ní dáhùn. Ṣé power supply ni kí n pààrọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Kọ́kọ́ ṣe update BIOS. Lẹ́yìn náà, wọ apá tó ń jẹ́ AMD CBS, wá Power Supply Idle Control. Á wà ní Auto tàbí Low Current Idle. Gbé e sí Typical Current Idle. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá ń sọ nípa Haswell náà ni, wọ́n kàn fún un lórúkọ mìíràn: bọ́ọ̀dù ò ní jẹ́ kí iná tí processor ń fà lọ sílẹ̀ kọjá ibì kan. Bí o kò bá rí i nínú BIOS rẹ, á jẹ́ pé ẹ̀dà tó ti pẹ́ ló wà lórí bọ́ọ̀dù. Àwọn kan máa ń pa Global C-state Control pátápátá, ìyẹn ti pọ̀ jù. Fi í ṣe ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, lẹ́yìn tí èyí tí mo sọ bá kọ̀.

Òkúta_Iná

Mo rí i lẹ́yìn update. Kò tíì gan láti ìgbà tí mo ti yí i. Ẹ ṣé é o. Ìbéèrè kan tó kù: Ryzen 3000 kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi, wáàtì tó ń jẹ láìṣe nǹkan kan ju ti processor tó ní G lẹ́yìn orúkọ lọ, bẹ́ẹ̀ iye core wọn dọ́gba.

Ìyá_Ẹ̀rọ

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ryzen 3000 tí kò ní G lẹ́yìn, ègé silicon ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí ẹ̀. Core wà lórí ègé kan, ohun tó ń bá RAM àti PCIe sọ̀rọ̀ wà lórí ègé mìíràn, okùn tó so wọ́n pọ̀ sì ń jẹ iná. Core lè sùn, ègé kejì yẹn ṣì wà lójúfò. Èyí tó ní G lẹ́yìn, orí ègé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà. Kò sí BIOS tó máa mú ìyàtọ̀ yẹn kúrò pátápátá.

Ṣẹ́gun_PC

Bàbá Soldering, nígbà tẹ́ ẹ ti wà níbí, VRM ara bọ́ọ̀dù, ibi tó ń yí iná padà fún processor, ńkọ́? Ṣé ó ń dá sí i?

Bàbá_Soldering

Ó ń dá sí i. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó phase (ẹ̀ka VRM) púpọ̀ sí, tí kò mọ bí yóò ṣe pa díẹ̀ nínú wọn nígbà tí iṣẹ́ ò sí, á máa jẹ iná fún nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Àwọn bọ́ọ̀dù tó mọ̀wà máa ń pa phase nígbà tí iná tí processor ń bèèrè bá kéré. Lórí Haswell, bọ́ọ̀dù ò tiẹ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀: nǹkan bíi 1.8V kan ló ń fún processor, processor á wá pín in fúnra ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ìran tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn Broadwell, Skylake tó dé ní 2015, dá iṣẹ́ yẹn padà fún bọ́ọ̀dù.

Ìyá_Ẹ̀rọ

Lórí Skylake yẹn náà ni Speed Shift ti bẹ̀rẹ̀. Processor fúnra ẹ̀ ló ń yan ìyára níbẹ̀, Windows kàn ń sọ ohun tó fẹ́ fún un ni. Ohun tí Ṣẹ́gun sọ lókè pé Windows ló ń pàṣẹ, ti EIST ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù tuntun, kó yẹ BIOS wò bóyá Speed Shift wà ní Enabled.

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Kí n tó gbàgbé, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wo ASPM náà nínú BIOS. Òun ló ń jẹ́ kí okùn PCIe sinmi. Káàdì Wi-Fi tàbí káàdì ohùn kan ṣoṣo tí kì í sinmi lè má jẹ́ kí package wọ ibi tó jìn, bí gbogbo core tiẹ̀ ti sùn. Bó bá di pé pc7 ń kọ̀, yọ àwọn káàdì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kó o máa wo turbostat.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo rí power supply yá, DC-DC ni lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀. Mo tún C7 tàn. Ó ti wà lórí tábìlì láti àná, mi ò fọwọ́ kàn án, kò kú. Mítà ń ka 27. Mo rò pé á dúró ní 31 bíi ti tẹ́lẹ̀ ni.

Bàbá_Soldering

Power supply tuntun náà ń fi iná tó kéré ṣòfò ju ti àtijọ́ lọ, ibẹ̀ ni wáàtì mẹ́rin tó kù lọ. Má kàn lọ ra ràgàjì tó lè gbé 1000 wáàtì fún kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 27. Orí ẹrù 20%, 50% àti 100% ni 80 PLUS ti ń wọn ọ̀pọ̀ wọn, Titanium ni wọ́n tún ń wọn ní 10%. 27 nínú 1000 ò dé ibi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan yẹn. Kékeré tó dára ni kó o rà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Mo gbọ́, Bàbá. Ó ku ẹyọ kan. Bí mo bá pa kọ̀ǹpútà pátápátá, mítà ṣì ń ka 2 sí 3. Ta ló ń jẹ ìyẹn?

Ìyá_Ẹ̀rọ

Bọ́ọ̀dù ni. Ó ń fún ihò network àti USB níná kí wọ́n lè jí kọ̀ǹpútà. Wá ErP nínú BIOS, kó o tan án. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù 1275/2008 ló bí i: ohun tó sọ nígbà náà ni pé láti 2013, ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa kò gbọdọ̀ jẹ ju 0.5 wáàtì lọ; òfin mìíràn ti rọ́pò rẹ̀ láti 2025. Bó o bá tan ErP, Wake-on-LAN ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, wàá sì dẹ́kun fífi keyboard tàbí mouse tan kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnì ara case nìkan ló máa gbọ́ tìrẹ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀77

Bọ́tìnì náà ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ti tan án, 0.4 ló kù. Power supply oníǹkan ń padà lọ́la, màá wá kékeré kan rà.